Ìtí Ọkà Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ nínú ilé wa fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe orúkọ òkú. Orúkọ ìtí ọkà ni. Clyack ni à ń pè é, ìtí óòtì tí a bá gé kẹ́yìn pátápátá lóko lọ́jọ́ tí ìkórè bá parí. Gbogbo aládùúgbò wa ní Buchan, níhà àríwá ìlà-oòrùn Scotland, ló ń dárúkọ rẹ̀ fàlàlà. Tí wọ́n bá pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ti rí clyack yín?" ìyẹn ni pé ṣé iṣẹ́ ti parí lóko. Tí wọ́n bá bi Forbes ẹ̀gbọ́n mi, á ní, "A ti ṣe tán." Tí wọ́n bá bi èmi, èmi náà á ní, "A ti ṣe tán." Kò sẹ́ni tó fura sí wa.

Èmi ni Teenie Mutch. Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Forbes sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta. Àwa méjèèjì là ń gbé oko Bogenlee, níbi tí bàbá wa ti dáko, tí bàbá tiẹ̀ náà sì ti dáko ṣáájú rẹ̀. Forbes kò gbéyàwó, èmi náà kò lọ́kọ. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀, àwọn olófòófó ti béèrè tó. Lọ́dún náà, ìbàdí Forbes ti bàjẹ́ débi pé ọ̀pá ló fi ń rìn, a sì ti sọ fún onílẹ̀ pé tó bá di òpin oṣù kọkànlá, a ó kó lọ sí ilé kékeré kan tí ìjọba fún wa nínú ìlú. Ìkórè kan ṣoṣo ló kù tí a máa ṣe ní Bogenlee.

Oṣù kẹjọ ni lẹ́tà dé láti Edinburgh. Àwọn kan níbẹ̀ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ jọ káàkiri ilẹ̀ Scotland, tíṣà abúlé wa sì ti fún wọn ní orúkọ wa. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Wọ́n fi ìwé kan há inú lẹ́tà náà, tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ tó fẹ́ béèrè sí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tiwa ṣe ní Edinburgh?" Forbes béèrè. "Tiwọn ti tán ni?"

"Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà sọnù."

"Tìrẹ kò lè sọnù láé, Teenie. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ nìkan á tó odindi ìlú."

Mo ní kó lọ fọ bàtà rẹ̀. Nígbà tó jáde, mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹsàn-án ni clyack. Mo ká ìwé náà, mo tì í sábẹ́ aago tó wà lókè ibi ìdáná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dùnkún bí ẹni pé ọ̀dùnkún náà ṣẹ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ní ọdún 1938, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, Forbes sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìyá wa ti kú lọ́jọ́ tí ó bí mi. Lewis bàbá wa ló ń dá oko, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Baubie, ló ni ohun gbogbo tó wà nínú ilé, títí kan ẹnu wa. Obìnrin tóbìnrin ni màmá àgbà. Ó lè fi ojú lásán na ènìyàn. Tí ó bá sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kan mú lọ́wọ́ ẹni, kò ní gbàgbé rẹ̀ títí ayé, kò sì ní jẹ́ kí olúwarẹ̀ náà gbàgbé. Lójoojúmọ́ ayé mi ló ń wò mí bí ẹni tó gba ẹ̀mí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Àwọn ẹṣin mẹ́ta ló ń fa ẹ̀rọ tó ń gé ọkà nígbà náà, ẹ̀rọ náà á sì máa dì í ní ìtí-ìtí bó ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹ̀rọ gé èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n á fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ ní igun oko. Bàbá wa á wá fi dòjé gígùn gé e, ọmọbìnrin tó bá kéré jù lóko á sì na ọwọ́ méjèèjì gbà á kó tó ṣubú. Láti ìgbà náà lọ, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n á gbé e délé, wọ́n á wọṣọ fún un bí obìnrin, pẹ̀lú kọ́là tí wọ́n fi bébà gé àti ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á sì gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun, abo ẹṣin tó bá lóyún ni wọ́n á fún jẹ. Màmá àgbà ní tó bá fi lè kan ilẹ̀ kó tó dé ẹnu ẹṣin, oyún náà kò ní yè. Kò sí ẹni tó jẹ́ bi í pé ta ló sọ fún un.

Tibbie ni orúkọ abo ẹṣin wa. Ó lóyún lọ́dún náà, bàbá wa sì ti ṣèlérí pé ọmọ tó bá bí, ti Forbes ni. Ẹ̀yin kò rí bí Forbes ṣe ń ṣe! Á gbé etí lé ikùn ẹṣin náà, á ní òun ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ. Irọ́ gbuu ni, oyún náà kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ, àmọ́ èmi náà máa ń gbé etí tèmi sí i, mo sì máa ń ní òótọ́ ni, mo gbọ́. Inú Forbes máa ń dùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kó yé yín.

Ọjọ́ tí ìkórè parí, bàbá wa gbé dòjé, ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta, mo na ọwọ́, mo sì gba clyack. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin gba ọ̀nà ilé lọ nítorí bíà tó ń dúró dè wọ́n. Forbes ti gun Tibbie, ó ń dúró sí ẹnu geeti oko. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé clyack láti igun oko dé ẹnu geeti, kí n nà án sí i lórí ẹṣin. Kò tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀.

Ehoro kan ló kó bá mi. Ó ti sá pamọ́ sínú ọkà tó kù, ó wá fò jáde lójijì níwájú mi, ó gba ẹ̀bá kòtò lọ. Mo sáré tẹ̀lé e. Mi ò mọ ohun tí mo rò pé mo fẹ́ fi ṣe. Ẹsẹ̀ mi kọ́ poroporo, mo dojú bolẹ̀, clyack sì dojú bo inú ẹrẹ̀ kòtò.

Mo gbé e kíá. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni tó ń wò mí. Mo fi épírọ́ọ̀nù mi nù ún, mò ń sunkún, mo ń nu imú, mo ń nu ọkà. Mo yí ibi tí ẹrẹ̀ wà sí inú, mo sì rìn lọ bá Forbes. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wò ó, ó wo èmi náà. Ó tú áńkáṣíìfù pupa tó so mọ́ ọrùn, ó fi dì í ní àárín.

"Òtútù á mú un," ó ní. "Gùn ún ká lọ."

Ó fà mí sókè síwájú ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbá èmi àti clyack mọ́ra, ó sì fi èkejì di ìjánu mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi pé áńkáṣíìfù náà bo ẹrẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà a jẹun, a jó, mo jẹ óòtì tí wọ́n po mọ́ bíà àti wisikí títí mo fi yó.

Láàárọ̀ ọdún tuntun, Tibbie jẹ ẹ́ tán pátá. Ní oṣù kẹrin, nínú yìnyín, ó bí òkú ọmọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òun náà kú.

Forbes kò sunkún. Ó ń fọ ilé ẹṣin ṣáá, bó ti mọ́ tán tó. Lọ́jọ́ kẹta, màmá àgbà gbé àpótí tó ń kó ríbọ́ọ̀nù clyack sí, ó tú u sórí tábìlì, ó fa áńkáṣíìfù pupa jáde. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀.

"Áńkáṣíìfù ta nìyí?" ó béèrè.

"Tèmi ni, màmá," Forbes dáhùn.

"Ta ló gbé clyack wálé?"

"Èmi ni."

"O jẹ́ kó ṣubú."

Forbes kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa èédú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo búra fún yín, mo ya ẹnu. Ṣùgbọ́n mo rí ojú màmá àgbà, mo sì pa á dé.

"Ọtí ló mu," màmá àgbà sọ fún bàbá wa. "Ó pa ẹṣin méjì fún ọ nítorí ife bíà kan."

Bàbá wa kò bá Forbes sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ìparí oṣù karùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ń pààrọ̀ ọ̀gá, Forbes gbé àpótí rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ó lọ ṣiṣẹ́ ní oko olóko. Ó fọwọ́ pa mí lórí kó tó lọ, ó ní kí n máa jẹun dáadáa. Nígbà tó yá, ogun dé, àwọn ará Jámánì mú un, ó lo ọdún márùn-ún lẹ́wọ̀n. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n láti jẹ́wọ́, mo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́.

Ó dé ní 1945, ó gbẹ kangi. Màmá àgbà ti kú, bàbá wa náà tẹ̀lé e lọ́dún kejì. Ìkórè tí Forbes kọ́kọ́ ṣe bí olóko, mo dúró sí igun oko láti wo ohun tó máa ṣe. Nígbà tó ku ìwọ̀nba tó kẹ́yìn, kò dúró, kò gbé dòjé. Ó wa ẹ̀rọ gba orí rẹ̀ kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "A ti ṣe tán." Mo sọ lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún débi pé kò lè fẹnu kàn án. Èmi náà gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bó ṣe di ohun tí a kì í sọ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ pé. Effie MacAskill ni orúkọ ọmọbìnrin náà, kò lè ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Àwọn ará erékùṣù ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún ló bí i, èdè Gaelic ló sì fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ fún un, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì láàárín bọ́tà àti jáàmù.

"Ẹ má wulẹ̀ wò ó, sà," ó sọ fún Forbes. "Ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀."

"Bí mo ṣe ń ṣe sí Teenie nìyẹn," Forbes ní. "Kì í ṣiṣẹ́."

Ó bi wá ní orúkọ òjò wẹ́ẹ́wẹ́ tí kò rọ̀ tí kò sì dá, ó bi wá ní orúkọ irinṣẹ́ ilé màlúù, Forbes sì ń gbádùn ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó mu ife tíì mẹ́ta. Mò ń ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ìkẹfà. Ìkeje. Ìkẹjọ.

"Èyí tó kàn," Effie ní. "Clyack. Ṣé ẹ máa ń sọ ọ́ níbí?"

Ẹ̀rọ náà ń yí. Forbes gbé ife kalẹ̀, ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ wo àwọn màlúù," ó ní.

"Màlúù wo?" mo ní. "O ti tà wọ́n tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Jókòó."

"Teenie."

"Mo ní jókòó, Forbes! Tí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, inú ilé yìí ni a máa fi í sílẹ̀ sí, ẹlòmíì á kó wá bá a."

Ó jókòó. Mo kọjú sí Effie, nítorí mi ò lè kọjú sí Forbes, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti dòjé, ti ehoro, ti kòtò, ti épírọ́ọ̀nù. Mo sọ ohun tí màmá àgbà sọ àti bí mo ṣe pa ẹnu dé. "Èmi ni mo jẹ́ kó kan ilẹ̀," mo ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n lé kúrò nílé nítorí rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé yín."

Ọmọbìnrin náà kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Mo gbọ́ tí Forbes mí kanlẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

"Teenie, orí ẹṣin ni mo wà. Gbogbo oko ni mò ń rí láti orí Tibbie. Mo rí ọ tí o ṣubú. Mo rí bí o ṣe ń nù ún. Kí lo rò pé mo fi áńkáṣíìfù ṣe? Ta ni òtútù ń mú nínú ìtí ọkà?"

Mo wò ó.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ fún ta? Fún Baubie? Ó ti gbé ikú màmá wa lé ọ lórí, kí n tún gbé ti ẹṣin méjì lé e? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́, ìwọ lo sì máa bá a gbé. Èmi, mo ti tó lọ."

"Ogójì ọdún, Forbes!"

"Mo rò pé o ti gbàgbé ni. Ọmọdé máa ń gbàgbé. Èmi kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ sí ọ létí, kó má baà padà wá sí ọ lọ́kàn. Ìdí tí mo fi wa ẹ̀rọ gba orí rẹ̀ kọjá lọ́dọọdún nìyẹn."

"Èmi rò pé ó ń dùn ọ́ ni!"

"Ó dùn mí," ó ní. "Mo fẹ́ràn ẹṣin yẹn. Àmọ́ inú yìnyín ni, Teenie. Ọmọ náà dábùú, dókítà ẹran kò sì lè rí ọ̀nà gbà dé. Mo ki ọwọ́ bọ inú Tibbie, mo mọ bó ṣe wà. Kì í ṣe ẹrẹ̀ kòtò ló dá ọmọ dábùú."

Mo fa aṣọ ìnuwọ́ tó wà ní èjìká mi, mo fi lù ú. Mo lù ú léjìká, mo lù ú lórí, mo ń sunkún, ó sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbà á dànù.

"Ṣé kí n pa ẹ̀rọ yìí, mà?" Effie béèrè wẹ́rẹ́.

"Pa á!" Forbes ní.

"Má pa á!" mo ní. "Jẹ́ kí Edinburgh gbọ́ irú òmùgọ̀ tí mò ń bá gbé."

A rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti fi ọwọ́ di tábìlì mú. Nígbà tó rọlẹ̀, mo se tíì míì. Effie ti pa ẹ̀rọ nígbà náà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tó sọ tẹ̀lé e kò sí lórí téèpù.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí?" ó ní. "Clyack yẹn?"

"Ìtí tó kẹ́yìn," Forbes ní.

"Rárá, sà, ṣáájú ìyẹn. Èdè tiwa ni. Àwọn ará ibí ń sọ Gaelic nígbà láéláé, kó tó parẹ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sára oko àti òkè. Caileag ni wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin ni, ọmọdébìnrin. Títí di òní, tí mo bá pe màmá mi lórí fóònù, ohun tó fi ń kí mi nìyẹn."

"Tún un sọ," Forbes ní.

"Caileag."

"Ọmọdébìnrin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Forbes mu tíì rẹ̀ tán. Nígbà tí Effie ń lọ, ó bá a gbé ẹ̀rọ dé ìdí ọkọ̀, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, ó sì dúró títí ọkọ̀ náà fi kọjá orí òkè.

Ní oṣù kẹsàn-án, Ninian Cheyne aládùúgbò wa wá fi ẹ̀rọ ìkórè ńlá rẹ̀ gé óòtì wa. Ilẹ̀ gbẹ, iṣẹ́ ń lọ kíá. Nígbà tó ku igun oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, Forbes jáde sí iwájú ẹ̀rọ náà, ó gbé ọ̀pá sókè. Ninian dúró, ó yọ orí jáde.

"Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Sọ̀ kalẹ̀, kí o wá wo nǹkan."

Ó ti gbé dòjé bàbá wa sọ̀ kalẹ̀ láti àjà. Ó ti pọ́n ọn fún ọjọ́ méjì, mo gbọ́ ìró rẹ̀, mi ò sì béèrè. Ó gbé ọ̀pá fún mi, ó fi ìdí dòjé ti ara rẹ̀, ó wá wò yí ká oko.

"Ọmọbìnrin tó kéré jù dà?" ó ní.

Ninian Cheyne ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, àti ajá rẹ̀.

"Ó ku ìwọ," Forbes sọ fún mi. "Kò wù mí, àmọ́ a máa lò ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Gé e, kí n tó fi ọ̀pá yìí lù ọ́."

Ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí i pé ìbàdí ń dùn ún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á. Òórùn rẹ̀ kọ lù mí, òórùn ọkà gbígbẹ àti ilẹ̀ oko, mo sì di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Tibbie ń fi imú fọn ní ẹnu geeti, bàbá mi ń nu òógùn, gbogbo àwọn tó ti kú ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rìn dé ẹnu geeti. Mo rìn jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́. Forbes rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárín èmi àti kòtò.

Mo gé kọ́là bébà fún un, mo fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù sí i. A gbé e kọ́ sára ògiri. A kò ní ẹṣin mọ́, ṣùgbọ́n Ninian ní ọmọbìnrin òun ní abo ẹṣin kékeré kan tó lóyún, a sì ti bá ọmọ náà sọ ọ́ pé ní ọjọ́ ọdún tuntun, a ó gbé clyack wá fún un.

A kó kúrò ní Bogenlee ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá. Àwọn ẹrù ti lọ ṣáájú nínú lọ́rì Ninian. Nínú ọkọ̀ wa, èmi àti Forbes nìkan ló wà, àti clyack ní itan mi. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí síḿnì wa láìní èéfín, mi ò tún wẹ̀yìn mọ́. Forbes ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ní gbogbo kọ́nà, á ní, "Dì í mú o." Èmi náà á ní, "Mo dì í mú."

Yìnyín ti dì sórí ọ̀nà kékeré tó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé tuntun náà, ó ń dán bíi gíláàsì. Ọwọ́ méjèèjì mi ni mo fi gbé clyack, mi ò rí ẹsẹ̀ mi. Ní àtẹ̀gùn ni bàtà mi yọ̀. Mo rí ojú ọ̀run. Mo na clyack sókè bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀, mo pariwo pé, "Forbes, gbà á!"

Forbes ju ọ̀pá nù. Èmi ló gbá mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ mi ní kọ́là ẹ̀wù, ó gbé mi dúró, pẹ̀lú ìbàdí tí dókítà ní kó má fi gbé nǹkan kan. Clyack gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó sì dojú bo ilẹ̀ lójú ọ̀nà ilé wa tuntun, ríbọ́ọ̀nù búlúù rẹ̀ wọnú yìnyín.

A dúró, a ń wò ó. Obìnrin kan ní ilé kejì ti ṣí fèrèsé, ó ń wo àwa náà.

"Ó ti kan ilẹ̀," mo ní. Omi ti bọ́ lójú mi. "Ọmọ Ninian ńkọ́? Kí la máa sọ fún un?"

"A ó sọ fún un pé ọkà ló kan ilẹ̀," Forbes ní. Ó ń mí gúlegúle. "Ọmọdébìnrin kò kàn án."

"O yẹ kí o mú un, Forbes. Mo ní kí o gbà á."

"Mo gbọ́ ọ."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀ kí n lè bá a he ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Mo wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, mo ṣílẹ̀kùn, a sì wọlé bẹ́ẹ̀, ó ṣì di kọ́là ẹ̀wù mi mú.